Mọ́tò Tó Dákẹ́

Elétí ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo mọ́tò tuntun tí ilé-iṣẹ́ atamọ́tò kan bá tà ń gbà jáde.

Ó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òun kọ́ ló ń tà á. Ẹni tó ń tà á ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Dùn, tó ń wọ bàtà dídán, tó ń jókòó níwájú níbi tí atẹ́gùn tútù wà. Ẹ̀yìn ni Elétí wà, nínú ṣọ́ọ̀bù gígùn kan tí wọ́n fi páànù bò, lórí àpótí kékeré tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Mọ́tò tuntun kì í dé bí ẹni tó rà á ṣe máa rí i. Bí ọmọ tuntun ni. Ẹ̀gbin ọ̀nà máa ń wà lára rẹ̀. Orí tírélà ni wọ́n ń gbé wọn wá, mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rá funfun á wà lórí ìjókòó wọn. Ohun kan bí ìda á bo ara wọn, kí iyọ̀ òkun má baà jẹ wọ́n. Wọ́n á ti yọ wáyà kan lórí bátìrì, kó má baà kú lójú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ inú táyà á le ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á sì ti fi rọ́bà líle há àárín sípíríngì iwájú, kí mọ́tò má baà máa jó nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí kò bá mọ̀, tó wà á lọ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ á sọ fún un kó tó délé.

Elétí ló ń tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Kó tó wọ inú mọ́tò, á kọ́kọ́ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ní ọdún tí Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù dé, ìyẹn olórí àwọn mẹkáníìkì, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ jẹun níbẹ̀ ni?"

"Wo aago rẹ̀," Elétí ní.

"Mo rí i. Kìlómítà mẹ́jọ."

"Ohun tí ò tíì rìn ju kìlómítà mẹ́jọ lọ láyé, èèyàn kì í fi ọwọ́ ìdọ̀tí gbé e."

Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù lọ sídìí omi. Láti ọjọ́ náà lòun pẹ̀lú ti ń fọ ọwọ́.

Abẹ́ mọ́tò ni iṣẹ́ gan-an wà. Bóòtù tó wà níbẹ̀ lé ní igba. Ẹnì kan tí Elétí ò ní rí láéláé ló de ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ní ìlú tí Elétí ò ní dé. Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì sú u láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà mìíràn, bó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tó gbé ojú sókè, ṣe ni á kàn máa wò. Igba ọwọ́ ti kan ibẹ̀ kó tó kan tirẹ̀. Tirẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ó ní òòlù kékeré kan tí orí rẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ. Á fi kan bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le á ní "kín". Èyí tó dẹ̀ á ní "kù". Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ọdún kẹta tó débẹ̀ ni wọ́n fún un lórúkọ. Mọ́tò kan tí gbogbo mẹkáníìkì ti yẹ̀ wò ń kọjá lọ lẹ́nu géètì, Elétí ní kí wọ́n dá a padà. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń parọ́," ó ní. Wọ́n tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta nínú márùn-ún ti dẹ̀. Látìgbà náà ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n sì ti gbàgbé èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ní ìpàdé ìparí ọdún kan, máníjà sọ ọ́ ní ìṣojú gbogbo òṣìṣẹ́ pé, níwọ̀n ìgbà tí etí Elétí bá ṣì wà, iṣẹ́ yìí ò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Elétí dìde, ó fèsì. "Ọjọ́ tí etí bá lọ, èmi náà á tẹ̀ lé e." Ó jókòó. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó sọ lọ́dún náà nìyẹn.

Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní ìwé àyẹ̀wò. Elétí ò kàwé púpọ̀. Ó lè kọ orúkọ rẹ̀, ó sì lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Nísàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí ẹni tó ṣàyẹ̀wò ti máa sọ ohun tó rí, ohun kan náà ló ń kọ lọ́jọ́ gbogbo: Ó dákẹ́.

Ẹnu-Dùn ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá nǹkan mìíràn kọ. "Bàbá, ẹni tó bá dákẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ fún un. Èmi ń ta mọ́tò, ẹ̀yin ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti kú."

"Èyí tó bá kú, ṣé o lè tà á?"

"Rárá o."

"Mélòó lo tà lóṣù yìí?"

"Márùn-ún."

"Wọn ò kú," Elétí ní, ó padà sábẹ́ mọ́tò.

Láti bí ọdún kan sí àkókò tí mò ń sọ yìí, Elétí ṣàkíyèsí ohun ńlá kan. Àwọn mọ́tò tuntun ti dára sí i. Tẹ́lẹ̀, nínú mẹ́wàá, ó máa ń rí ọ̀kan tó ní bóòtù dídẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀kan nínú ogún. Nígbà tó yá, kò rí ọ̀kan mọ́. Ẹ́ńjìnnì wọn ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó sùn. Bó bá kan òòlù mọ́ bóòtù, bóòtù ò jiyàn. Á dúró níbẹ̀, òòlù lọ́wọ́, á mi orí. Ó ń wò ó pé àwọn tó ń ṣe mọ́tò lọ́hùn-ún ti mọ iṣẹ́ débi tó fẹ́ẹ̀ bani lẹ́rù. Ó ń bọ̀wọ̀ fún wọn nínú ọkàn rẹ̀.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ mìíràn fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kun ògiri pálọ̀, tí ó ń pè é kó wá gbé àga, tí kò dáhùn.

"Elétí níbi iṣẹ́, elétí ikún nílé," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín."

Elétí ò bá a jà. Ó ti kíyè sí i pé ìyàwó òun ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láìpẹ́ yìí, bó ti yẹ àgbà. Inú rẹ̀ dùn sí i.

Àwọn àgbà ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Inú Elétí ò bàjẹ́ fún ọdún kan gbáko.

Nígbà náà ni Ìyá Agbẹ̀bí wá ra mọ́tò.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Mọ́tò kékeré kan, aláwọ̀ ewé, ló rà. Òun ni mọ́tò àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí Elétí wà á jáde sí iwájú, tí oòrùn tàn sí i, obìnrin náà ò pariwo, kò sì jó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ó fi í síbẹ̀, ó dúró, bí ìgbà tó ń wá ibi tí orí ọmọ wà. Elétí rí i. Ó wò ó pé ẹni yìí mọ nǹkan.

Ó sún mọ́ ọn, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ó ti di àṣà rẹ̀ láti máa wo ẹnu èèyàn. Kò mọ̀ pé ó ti di àṣà.

"Ẹgbẹ̀rún kìlómítà àkọ́kọ́, Ìyá, ẹ má fi ipá mú un," ó ní. "Ẹ má sì máa sá eré kan náà lọ títí. Ẹ máa yí i padà. Irin inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn ni."

"Bíi tọkọtaya."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á họ ara wọn díẹ̀."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹ mú un wá. A ó da epo àkọ́kọ́ nù. Ẹ ó rí ohun tí wọ́n họ."

Ìyá Agbẹ̀bí gba ìwé àyẹ̀wò, ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ta ló kọ 'Ó dákẹ́' yìí?"

"Èmi."

"Níbi iṣẹ́ tèmi, Bàbá, èyí tó bá dákẹ́ là ń bẹ̀rù. Ìdí la máa ń gbá a títí á fi ké." Ibi tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀ ló ti sọ ọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ẹnu-Dùn rẹ́rìn-ín. Elétí wo Ẹnu-Dùn, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, obìnrin náà padà wá. Aago mọ́tò ka ẹgbẹ̀rún kan àti méjìlá. Ó ti rọra lò ó bí wọ́n ti wí. Mẹkáníìkì kan tú epo inú ẹ́ńjìnnì sínú abọ́ funfun, Elétí sì pe Ìyá Agbẹ̀bí kó wá wò ó. Ó gbé abọ́ náà sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ rò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan ń dán nínú epo dúdú náà. Ó kéré ju iyẹ̀pẹ̀ lọ, ó ń yípo, ó ń ṣẹ́jú, bí ìràwọ̀ tí ẹnì kan lọ̀ kúnná. Ìyá Agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Inú ẹ̀ nìyí ti jáde?"

"Ara tí wọ́n bọ́ fún ara wọn ni. Kò tún ní pọ̀ tó báyìí mọ́ láyé ẹ̀."

"Mo ti rí ìyá àti ọmọ," obìnrin náà ní. "N ò mọ̀ pé irin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó dìde, ó nu orúnkún. Ó wá ní nǹkan mìíràn wà. Bí òun bá tẹ bíréékì jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì máa ń ní "tọ́". Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù wà á jáde, ó wà á wọlé. Ọkùnrin náà ń tẹ bíréékì bí ẹni tó rí aáyán. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ìyá, Elétí ló buwọ́ lù ú," ó ní. "Bí Elétí bá ti ní mọ́tò dákẹ́, kò sí kóòtù tó ju ìyẹn lọ níbí."

"Ó dáa. Kí Elétí wá gbọ́ ọ."

Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù na ọwọ́ sí Elétí, ó na ọwọ́ sí mọ́tò, ó bá ti ara rẹ̀ lọ. Àkókò oúnjẹ ti tó. Àwọn mẹkáníìkì yòókù tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀bù ṣófo.

Elétí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ obìnrin náà. Wọ́n ṣí fèrèsé. Obìnrin náà wà á jẹ́jẹ́ yí àgbàlá ká, ó tẹ bíréékì.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Ó dákẹ́."

Ó tún wà á, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Òun nìyẹn."

"Ó dákẹ́, Ìyá."

Lẹ́ẹ̀kẹta, Elétí kàn mi orí ni. Ìyá Agbẹ̀bí dá mọ́tò dúró. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí fèrèsé tirẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Bàbá, aṣọ yín ti gbiná."

Elétí ń wo iwájú.

Obìnrin náà yí ojú padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà wo ni kí ni?"

"Tí ẹ ò ti gbọ́ràn mọ́."

Obìnrin náà tún ohun tó sọ nígbà tó kọ ojú sí fèrèsé sọ fún un. Elétí kọ́kọ́ wo aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wo ṣọ́ọ̀bù, tí ariwo rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún kan, tí òun rò pé àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn ni.

"Mo rò pé mọ́tò ló dára sí i," ó ní.

Ìyá Agbẹ̀bí ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí báàgì. Ó mú ohun kan jáde, onígi, gígùn rẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Ẹnu kan fẹ̀ bí agogo, ẹnu kejì pẹlẹbẹ. Òun ló fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ nínú ikùn ìyá fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé e kiri bí kọ́kọ́rọ́ ilé.

"Ọ̀nà méjì ni ohùn ní," ó ní, ó sì kọ ojú sí i kó lè rí ẹnu òun. "Ọ̀kan ń gba inú afẹ́fẹ́, ọ̀kan ń gba inú egungun. Ó lè jẹ́ ti afẹ́fẹ́ yín nìkan ló dí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè ká wò ó."

Elétí wa mọ́tò náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó fi jáàkì gbé e, ó yọ táyà. Àwo bíréékì hàn, àti irin tó máa ń há a mọ́. Bóòtù méjì ló mú irin náà dúró, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Elétí mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, ó ti kan òòlù mọ́ àwọn méjèèjì.

"Ẹ fi ẹnu tó fẹ̀ lé irin," obìnrin náà ní. "Ẹ fi eyín há ẹnu kejì. Ẹ há a dáadáa. Ẹ mú òòlù wá fún mi."

Ó kan bóòtù òkè.

Kín.

Elétí gbọ́ ọ. Kì í ṣe etí ló gbà wọlé. Àárín orí rẹ̀ ló ti dún, kedere, bí ẹni tó wà nínú ilé tipẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kó tún un ṣe. Kín. Ó tún gbé ọwọ́ sókè. Kín.

"Ó tó," obìnrin náà ní. "Ìsàlẹ̀ ló kàn."

Kù.

Elétí yọ igi náà lẹ́nu. Ó na ìka méjì, ó mú bóòtù náà, ó yí i. Ó yí. Kò lo sípánà. Bí bóòtù yẹn bá jábọ́, tí ti òkè náà bá yẹ̀, irin náà á yà kúrò lára àwo, bíréékì ẹsẹ̀ náà á sì lọ, ní ọjọ́ tí èèyàn bá nílò rẹ̀ jù. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Ó mú sípánà, ó dè é. Ó há igi náà sẹ́nu, ó gba òòlù, ó kàn án fúnra rẹ̀. Kín.

Ó dá táyà padà, ó sọ mọ́tò kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ obìnrin náà kó tan ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí ìbòrí, ó tẹrí ba, ó gbé ẹnu igi náà lé irin, ó há a.

Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ohùn gbogbo tó ti rò pé wọ́n ti mú kúrò nínú mọ́tò ló wà níbẹ̀. Epo tuntun ń sáré nínú páìpù rẹ̀. Bẹ́líìtì ń kùn. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ohun tó wúwo kan ń lù, ó ń lù, kò sinmi, kò yára, gẹ́lẹ́ bó ti ń lù nígbà tí òun kọ́kọ́ débí. Wọn ò fìgbà kan dákẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Epo ló ta sí mi lójú," ó ní.

"Ó máa ń ta sí wọn lójú," Ìyá Agbẹ̀bí ní. "Àwọn bàbá ọmọ pàápàá."

Elétí jókòó lórí àpótí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa fáìlì kan jáde lábẹ́ tábìlì, èyí tí ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò gbogbo mọ́tò wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wá ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kun ògiri pálọ̀. Ó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀, ó ń fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́.

"Mélòó?" obìnrin náà bi í.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Tiyín wà nínú ẹ̀."

"Gbogbo wọn lè má ní nǹkan kan."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Bí ẹ bá sọ fún máníjà, kí ló máa ṣe?"

"Á ní kí n máa lọ sílé. Èmi náà ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn."

"Bí ẹ ò bá sọ ńkọ́? Ẹ̀yin àtèmi nìkan la wà níbí. Mọ́tò tèmi ti dáa. Mo lè máa lọ."

Elétí ti fáìlì náà pa. "Àwọn tó rà wọ́n á máa wà wọ́n kiri," ó ní.

Obìnrin náà mi orí. Ó mú igi náà nílẹ̀, ó fi ìdí aṣọ nù ún, ó fi lé Elétí lọ́wọ́.

"Ẹ mú un dání. Kò sí aboyún tó ń dúró dè mí mọ́. Mọ́tò mẹ́tàlélọ́gọ́ta ń dúró dè yín, bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ ṣe é."

Elétí gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó mú pẹ́ńsù. Ó wá ìwé àyẹ̀wò mọ́tò aláwọ̀ ewé náà, ó fa ìlà lé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Kò tíì kọ ọ̀rọ̀ mìíràn síbẹ̀ rí. Ó ronú, ó bi obìnrin náà ní lẹ́tà kan, obìnrin náà fi ìka kọ ọ́ sára eruku tábìlì fún un. Ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: Ó sọ̀rọ̀.

Ó fi òòlù kékeré sápò. Ó fi fáìlì há abíyá, ó mú igi náà lọ́wọ́. Ó dìde lórí àpótí, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó kọjá níwájú, níbi tí atẹ́gùn tútù wà, ó kọrí sí yàrá máníjà.

Ẹnu-Dùn rí i. Ó bi í pé, "Bàbá, níbo?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é. Elétí ò gbọ́. Ó ń lọ.